Ènìyàn Kì í Ṣe Ẹṣin

Jókòó, Àkànní. Rọra jẹun, ìrẹsì ò ní sá. Láti ọjọ́ Ìsinmi tó kọjá lo ti ń yẹra fún mi. O rò pé mi ò rí ọ ní Ojúẹlẹ́gba, tí o fi ara pamọ́ sẹ́yìn bọ́ọ̀sì? Mo rí ọ. Mo kàn ní kí n fi ọ́ sílẹ̀ kí ebi lè gbé ọ wá fúnra rẹ ni.

Kí n kọ́kọ́ yìn ọ́, kó má baà dà bíi pé Àǹtí ò mọ oore. Kì í ṣe gbogbo olùkọ́ ọmọdé ní ṣọ́ọ̀ṣì ló lè fi owó ara rẹ̀ háyà ẹṣin wọ ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì torí kí ẹ̀kọ́ Bíbélì lè yé ọmọ ọlọ́mọ. Àwọn ọmọ Sùúrùlérè tí ń dàgbà lónìí, inú fóònù ni wọ́n ti ń rí ẹṣin, àfi èyí tí wọ́n bá mú wá sí òde òkú àgbà, tó ń fi ẹsẹ̀ jó sí ìlù, tí àwọn ọlọ́jọ́ ń fi owó lẹ̀ ẹ́ níwájú orí. Èrò rẹ dára. Ẹnu rẹ ló bà á jẹ́.

Kí lo sọ fún àwọn ọmọ yẹn? O gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn, o ní: "Ẹ wò ó dáadáa, ẹ̀yin lẹ jẹ́ ẹṣin yìí. Ọlọ́run ni ẹni tó gùn yín. Bí Ó bá fa ìjánu, ẹ yà. Bí ẹ ò bá yà, pàṣán ń bẹ." O wá gba pàṣán lọ́wọ́ ọmọkùnrin Haúsá tó mú ẹṣin wá, o nà án sí afẹ́fẹ́, ó dún! Ẹṣin ta gìrì, ọmọbìnrin kékeré tó dúró níwájú bú sẹ́kún, ìwọ ń rẹ́rìn-ín. O tún wá ka Ìwé Òwe, orí 26, ẹsẹ 3, pé pàṣán wà fún ẹṣin.

Ọkọ mi, o ò parí ẹsẹ náà. Ibi tó parí sí ni pé ẹ̀yìn aláìgbọ́n ni ọ̀pá wà fún. Àwọn ọmọ tí ìyá wọn jí wẹ̀ fún, tí wọ́n fi ìpara kùn, tí wọ́n kó wá láti Múṣin títí dé Àgùdà, ta ni aláìgbọ́n nínú wọn?

Bí o bá fẹ́ fi ẹṣin kọ́ ọmọ ní ìgbàgbọ́, Orin Dáfídì 32 ló yẹ kí o ṣí. Ní ẹsẹ 8, Ọlọ́run ṣèlérí pé Òun yóò kọ́ni, Òun yóò fi ọ̀nà hanni, Òun yóò sì máa fi ojú Òun ṣọ́ni. Ẹsẹ tó tẹ̀ lé e ló wá kìlọ̀ pé ká má ṣe dà bí ẹṣin tàbí ìbaaka tí kò ní òye, tó jẹ́ pé àfi ìjánu ló lè mú un sún mọ́ni. Ṣé o ti wá rí i? Ohun tí Bíbélì ní ká má ṣe dà, òun gan-an lo ní kí àwọn ọmọ dà. Bó bá jẹ́ ẹṣin ni Ọlọ́run ń wá ni, ì bá dá ẹṣin sí i. Ẹni tó máa gbọ́ ohùn Rẹ̀, tó máa fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ sún mọ́ Ọn, ló ń wá.

Mo mọ ohun tí o fẹ́ sọ. Wàá ní, "Àǹtí, ṣé Ọlọ́run kì í báni wí ni?" Ó ń báni wí. Ìwé Hébérù orí 12 sọ ọ́ kedere. Ṣùgbọ́n kí nìdí tí Ó fi ń báni wí níbẹ̀? Torí pé ọmọ ni wá. Bàbá ló ń bá ọmọ wí, kí ọmọ lè jọ ọ́ nígbà tó bá yá. Kò sẹ́ni tó ń na ẹṣin kí ẹṣin lè jọ òun.

Nígbà tí ẹ̀yin ń jẹ ẹran díndín lábẹ́ ìbòrí, èmi lọ bá ọmọ Haúsá yẹn nídìí igi máńgòrò. Mo ní kí ó kọ́ mi. Ó ṣí ẹnu ẹṣin, mo bẹ̀rẹ̀, mo yọjú sí i. Eyín wà níwájú, eyín ńlá tí ń lọ oúnjẹ wà lẹ́yìn, àárín méjèèjì ṣófo, ẹran lásán ló wà níbẹ̀. Àlàfo yẹn ni irin ìjánu ń gbà kọjá. Orí ẹran ara àti ahọ́n ni irin sùn lé, Àkànní, kì í ṣe orí eyín. Ẹni tó bá fà á gbà, egbò ló ń dá sílẹ̀. Ọmọ náà ní ẹni tó mọ ẹṣin gùn, ìka méjì péré ló ń fi sọ ohun tó fẹ́ fún un, pé òpè ló ń fa okùn bí ẹni ń fa omi nínú kànga.

Jákọ́bù náà mẹ́nu kan ìjánu nínú ìwé rẹ̀, orí 3. Ó ní ohun kékeré yẹn ló ń yí odindi ẹṣin padà. Kí ló wá ní ká kó níjàánu? Ó ní ahọ́n wa ni. Ahọ́n olùkọ́ ló tilẹ̀ kọ́kọ́ fà léti, torí bí orí náà ṣe bẹ̀rẹ̀ ni pé kí ọ̀pọ̀ wa má sáré di olùkọ́, ìdájọ́ olùkọ́ le ju ti ẹlòmíì lọ. Ìwọ tí o di ẹ̀rọ gbohùngbohùn mú, ìwọ ni ìjánu yẹn yẹ.

Nígbà tí o na pàṣán, ǹjẹ́ o wo etí ẹṣin? Méjèèjì ló lẹ̀ mọ́ ọn lórí. Ojú rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí, ó ń rí ọ̀tún, ó ń rí òsì lẹ́ẹ̀kan náà, ṣùgbọ́n kò rí ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀ gan-an. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń sọ fún ọmọdé pé kó má ṣe yọ́ gba ẹ̀yìn ẹṣin. Ẹran tí ẹranko búburú ń pa jẹ ni, sísá ló fi ń gba ara rẹ̀ là. Bó ti wù kó ga tó, ojo ni nígbà tí ohun àìmọ̀ bá dún. Ẹ̀rù ló bà á, o pè é ní ìgbọràn. Ọmọbìnrin tó bú sẹ́kún yẹn mọ ìyàtọ̀ rẹ̀ jù ọ́ lọ.

Ṣùgbọ́n ohun tó wú mi lórí nìyí. Nígbà tí iṣẹ́ parí, ọmọ yẹn bọ́ ìjánu lẹ́nu ẹṣin, ó gbé e kọ́ èjìká, ó kọjú sí géètì, ó ń lọ. Kò wẹ̀yìn. Ẹṣin gbé ẹsẹ̀, ó tẹ̀ lé e, ó fi imú kan ẹ̀yìn rẹ̀. Kò sí okùn, kò sí pàṣán. Mo bi í pé báwo ló ṣe ṣe é. Ó ní ní Kánò, iṣẹ́ bàbá àwọn ni. Pé òun kì í jẹun kí òun tó fún un ní omi àti ọkà bàbà. Pé ohùn ẹni tó ń fún un lómi, kì í ṣì í gbọ́. Mùsùlùmí ni o, àmọ́ ó ṣe àlàyé Jòhánù orí 10 fún mi bí kò ṣe yé mi rí: àgùntàn mọ ohùn olùṣọ́ rẹ̀, ó ń tọ̀ ọ́ lẹ́yìn.

Ìwọ ńkọ́? Láti àárọ̀ tí ẹṣin yẹn ti dúró nínú oòrùn, ta ló bu omi fún un? Ẹ̀yin ń fa píọ́ wọ́tà mu, ẹ ń ju ọ̀rá rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́bàá ẹsẹ̀ rẹ̀. Ìwé Òwe tí o fẹ́ràn yẹn, bí o bá ṣí orí 12, wàá bá a níbẹ̀ pé olódodo ń náání ẹ̀mí ẹran rẹ̀. Má fo orí 12 kí o tó dé orí 26.

Má rò pé mo ń fojú tín-ín-rín ẹṣin. Ìran wa mọyì rẹ̀. Àwọn Aláàfin fi ẹṣin jagun, wọ́n fi ṣẹ́gun ní ilẹ̀ ọ̀dàn. Láti òkè, lọ́dọ̀ Nupe àti Haúsá, ni wọ́n ti ń rà á, torí pé bó bá dé inú igbó tiwa níhìn-ín, eṣinṣin tsetse á fún un ní àìsàn, á sì pa á. Ohun ọ̀wọ́n ni nígbà náà. Ẹni tó bá ní in, ayé gbọ́dọ̀ mọ̀. Síbẹ̀, ẹṣin kì í gbani. Ní nǹkan bí ọdún 1840, àwọn ẹlẹ́ṣin Ìlọrin wá ká Òṣogbo mọ́, ọwọ́ Ìbàdàn ló sì tẹ̀ wọ́n. Onísáàmù ti ní ká má gbẹ́kẹ̀ lé ẹṣin. Jésù pàápàá, nígbà tó ń wọ Jerúsálẹ́mù tí ayé ń ṣápẹ́, ọmọ kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ló gùn.

Nítorí pé ẹṣin wọ́n tó bẹ́ẹ̀ nígbà náà ni ohun tí mo fẹ́ sọ fún ọ ṣe ṣẹlẹ̀. Ìwọ tí ò ń gba ojú ọ̀nà Herbert Macaulay ní Yábàá lójoojúmọ́ lọ síbi iṣẹ́, ṣé o mọ ẹni tó bí ẹni tó ń jẹ́ orúkọ yẹn? Bàbá rẹ̀ ni Babington Macaulay, tó dá CMS Grammar School sílẹ̀ ní 1859, ilé-ìwé tó wà ní Bàrígà báyìí. Bàbá ìyá rẹ̀ ni Àjàyí Crowther. Ní 1821, àwọn akónilẹ́rú ya wọ Òṣoògùn, wọ́n kó Àjàyí pẹ̀lú ìyá rẹ̀ àti àwọn àbúrò rẹ̀. Ọmọdé ni nígbà náà, kò ju àwọn àgbà inú kíláàsì rẹ lọ. Wọ́n dé Ìsẹ́yìn, wọ́n pín ẹrú, ó bọ́ sọ́wọ́ olóyè kan. Kí ni olóyè náà ṣe? Ó fi í ṣe pàṣípààrọ̀ ẹṣin. Ọmọ lọ, ẹṣin dé. Nígbà tó yá, ẹṣin náà kò tẹ́ wọn lọ́rùn, wọ́n dá a padà, wọ́n sì dá ọmọ náà padà. Àjàyí fúnra rẹ̀ ló kọ ìtàn náà sílẹ̀ ní 1837.

Gbé ìyẹn yẹ̀ wò, Àkànní. Wọ́n wo ọmọ ènìyàn, wọ́n wo ẹṣin, wọ́n ní méjèèjì dọ́gba. Àní wọ́n tún ronú, wọ́n ní ẹṣin náà kò tó.

Wọ́n tà á kiri títí ó fi dé Èkó wa yìí. Ní oṣù Kẹrin ọdún 1822, wọ́n kó o sínú ọkọ̀ ẹrú, ọkọ̀ ogun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sì gba òun àti àwọn yòókù sílẹ̀, ó gbé wọn lọ sí Sàró. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ṣe ìrìbọmi fún un ní 1825. Ó rí ìyá rẹ̀ padà ní Abẹ́òkúta ní 1846, lẹ́yìn ogún ọdún ó lé. Ó di bíṣọ́ọ̀bù ní 1864. Bíbélì Yorùbá tó parí lódindi ní 1884, iṣẹ́ rẹ̀ wà nínú rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹni tí wọ́n fi pààrọ̀ ẹṣin ló jẹ́ kí àwa lè ka ọ̀rọ̀ ẹṣin nínú Bíbélì lédè wa.

Ìdí nìyẹn tí inú fi bí mi. Ìgbàgbọ́ tó sọ Àjàyí di ẹni tó jẹ́, ohun tó wí fún un ni pé wọ́n rà á ní iye kan, iye náà kì í sì í ṣe ẹṣin, kì í ṣe wúrà, ẹ̀jẹ̀ Ọmọ Ọlọ́run ni. Ìwọ wá dúró níwájú ọmọ ọlọ́mọ, o ní ẹṣin ni wọ́n. O dá wọn padà sí Ìsẹ́yìn!

Ó tún ku ọ̀kan. Fọ́tò tí o yà lórí ẹṣin, tí o di gàárì mú bíi balógun, tí o gbé sí Instagram, mo ti rí i. Àwọn ọmọ ìyá rẹ ti fi ránṣẹ́ sí mi. Ó dára, ó wù mí, aṣọ náà bá ọ mu. Ṣùgbọ́n ẹni gẹṣin, ilẹ̀ ló ń bọ̀. Ìwé Ẹ́sítérì orí 6 sọ bí wọ́n ṣe gbé Módékáì gun ẹṣin ọba, tí Hámánì mú ìjánu, tó ń ké níwájú rẹ̀ káàkiri ìlú. Nígbà tó tán, Módékáì sọ̀ kalẹ̀, ó padà sẹ́nu ọ̀nà ọba, síbi iṣẹ́ rẹ̀. Ìwọ náà, padà síbi iṣẹ́ rẹ.

Iṣẹ́ náà nìyí. Ọjọ́ Ìsinmi tó ń bọ̀, pe ọmọ Haúsá yẹn padà. Owó tó bá pè, san án; mo gbọ́ bí o ṣe ń bá a ná an bíi pé ata lo ń rà. Gbé korobá omi sílẹ̀ kí ẹṣin tó dé. Kí àwọn ọmọ gbé koríko sí àtẹ́lẹwọ́, kí wọ́n na ọwọ́ pẹrẹsẹ, kí ọmọ ìka má baà bá koríko wọlé. Kí ọmọ yẹn bọ́ ìjánu, kó máa rìn, kí wọ́n wo bí ẹṣin ṣe ń tọ̀ ọ́ lẹ́yìn. Kí o wá bi wọ́n pé kí ló mú un tẹ̀ lé e. Lẹ́yìn náà, dákẹ́. Ohun tí ọmọdé máa sọ máa yà ọ́ lẹ́nu. Ọmọbìnrin tó sunkún ni kí o kọ́kọ́ pè, kí o bẹ̀ ẹ́ lójú gbogbo wọn, ìwàásù nìyẹn náà.

Ó yá, bu ìrẹsì sí i. Ẹran tó kù nínú ìkòkò yẹn, tìẹ ni. Ṣùgbọ́n bí mo bá tún bá pàṣán lọ́wọ́ rẹ láàárín àwọn ọmọ, Òwe 26 ẹsẹ 3 yẹn, èmi ni n ó bá ọ parí rẹ̀.