Àròkọ Alárìíyànjiyàn: Ọ̀kọ̀ Sàn Ju Idà Lọ

Àwọn kan a máa sọ pé idà ni ọba ohun ìjà. Èmi kò gbà. Irin tí alágbẹ̀dẹ fi rọ idà kan yóò tó ẹnu ọ̀kọ̀ mélòó kan, igi ni ìyókù. Ìlú tí ogun ká mọ́ kò lè dúró de idà. Ọ̀kọ̀ tún gùn: kí onídà tó súnmọ́ni, ọ̀kọ̀ ti wọ̀ ọ́ lára. A sì lè jù ú (ẹni tí ó bá ju ẹyọ kan tí ó ní, kí ó múra eré sísá o!). Ṣakabùlà ń pa láti òkèèrè, ṣùgbọ́n kíki rẹ̀ a máa pẹ́. Bí òjò bá sì pa ẹ̀tù, ó di ọ̀pá lásán. Ìbọn tí a ń ki láti ìdí, irú èyí tí Èkìtì Parapọ̀ rí gbà láti Èkó nígbà ogun Kírìjí tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1877, ni apá ọ̀kọ̀ kò ká.