Aago Ibo Lẹ Ń Wí?

Ẹ̀yin ọmọ Ìbàràpá tó ń gba Kútọnu lọ ra àǹkárá ní Lomé, àṣìṣe kan wà tí ẹ ń ṣe léraléra. Aago Igbó-Ọrà àti ti Kútọnu ò yàtọ̀. Àmọ́ bí ẹ bá ti kọjá ẹnubodè Hilla-Condji wọ Tógò, ẹ dá aago ọwọ́ yín padà ní wákàtí kan. Aago mẹ́jọ Ẹ̀rúwà, aago méje ni ní Lomé àti Accra.

Ìyá oníṣòwò kan láti Igbó-Ọrà ò dá tiẹ̀ padà. Ó jókòó sórí báàgì rẹ̀ níwájú ṣọ́ọ̀bù tó wà ní títì pa, ó ń bínú sí ẹni tí kò tíì pẹ́ rárá. Látọjọ́ náà, kò ṣe àdéhùn kankan láìkọ́kọ́ béèrè pé, “Aago ibo lẹ ń wí?” Ẹ jọ̀ọ́, ọmọ dáadáa, ẹ máa béèrè.

Bí àwọn ará Lomé bá ní aago méjìdínlógún, mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ ni.

Ẹ tún fetí sí ọjọ́. Ẹni tó ń sọ Faransé tó dá ọjọ́ mẹ́jọ fún yín, ọ̀sẹ̀ kan géérégé ló ń wí. Bí a ṣe ń ka ọjọ́ ìsọmọlórúkọ nílé náà nìyẹn: ọjọ́ ìbí wà nínú mẹ́jọ.