Oúnjẹ Lọ̀rẹ́ Àwọ̀, Òun Náà Lọ̀rẹ́ Irun

Iware,
Ìjọba Ìbílẹ̀ Afijio,
Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́.

Ọmọ àbúrò mi ọ̀wọ́n,

Ẹ̀kọ́ rẹ ní Ìbàdàn ńkọ́? Ìyá rẹ sọ fún mi pé irun rẹ ń já bí o bá ti fi òòyà kàn án, pé awọ orí rẹ ń yún ọ, ó ń ta ọ́, ó sì ń bó. Ó tún sọ pé láti ìgbà tí ọjà ti wọ́n, gàrí àti bísíkíìtì ló ń gbé ọ dé alẹ́. Ọ̀rọ̀ orí rẹ àti ọ̀rọ̀ ìkòkò rẹ ni mo fẹ́ bá ọ sọ pọ̀, nítorí ọ̀kan ni wọ́n.

Àwọn àgbà ní oúnjẹ lọ̀rẹ́ àwọ̀. Èròjà tí ń mú ara dàgbà, tó wà nínú ẹ̀wà, ẹyin, ẹja àti ẹran, ni ara fi ń ṣe irun. Bí kò bá tó, ara á ṣe bíi baálé ilé nígbà ìyàn: á kọ́kọ́ bọ́ ọkàn àti ọpọlọ, á pa irun tì. Gbòǹgbò irun púpọ̀ á dáwọ́ iṣẹ́ dúró lẹ́ẹ̀kan náà. Lẹ́yìn oṣù méjì sí mẹ́ta, wọ́n á wá máa já. Ohun tí o kò jẹ nígbà náà lò ń rí lórí òòyà lónìí. Irun 50 sí 100 lè já lójúmọ́ lórí ẹni tí ara rẹ̀ dá. Bó bá ń ju bẹ́ẹ̀ lọ, ó yẹ kí a wádìí. Ti yíyún àti bíbó náà ńkọ́? Bí èròjà zinc àti àwọn fítámì B bá dín lára, awọ kì í lè tún ara rẹ̀ ṣe. Á pọ́n, á bó, èékánná á ha á ya, kòkòrò àìfojúrí á sì gba ibẹ̀ wọlé.

Ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́ nílẹ̀. Ní 1933, dókítà obìnrin kan, Cicely Williams, ọmọ Jàmáíkà tó ń ṣiṣẹ́ ní Gold Coast tó di Gánà, kọ̀wé nípa àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ tí ara wọn wú, tí awọ wọn ń bó. Ẹ̀kọ àgbàdo ni wọ́n fi ń bọ́ wọn lẹ́yìn ọmú. Àìsàn náà ni kwashiorkor, òun kan náà tó sọ irun àwọn ọmọ Biafra di pupa fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ nígbà ogun abẹ́lé wa, 1967 sí 1970. Ènìyàn lè yó, kí ara rẹ̀ má sì rí ohun tí yóò fi ṣe irun. Ọlọ́run má jẹ́ kí tìrẹ dé ibẹ̀, ṣùgbọ́n gàrí láìsí ẹja, ojú ọ̀nà ibẹ̀ ló wà.

Jẹ́ kí orí náà kọ́kọ́ sinmi. Tú irun tí o dì pinpin yẹn, kí o sì fi rílásà sílẹ̀ títí awọ orí á fi jinná. Fi omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ àti ọṣẹ tí kò le fọ orí lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀; ọmọ ìka ni kí o fi rọra pa á, kì í ṣe èékánná. Bó bá ń ta ọ́, rẹ aṣọ mímọ́ sínú omi tútù, fún un, kí o gbé e lé ibẹ̀ fún ìṣẹ́jú díẹ̀. Òrí díẹ̀ lè rọ irun gbígbẹ, ṣùgbọ́n bí ohun tó ń bó bá lọ́ràá, má fi òróró kún un, nítorí kòkòrò tó ń fà á ń jẹ ọ̀rá. Wọ́n á ní kí o fi oje àlùbọ́sà, ọsàn wẹ́wẹ́ tàbí kẹrosíìnì pa á. Má gbọ́ tiwọn. Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́.

Inú ìkòkò ni iṣẹ́ tó pọ̀ jù wà. Ẹ̀wà ni kí o fi ṣe ìpìlẹ̀, ìbáà jẹ́ ẹ̀wà sísè, àkàrà tàbí mọ́ínmọ́ín. Bí o bá fẹ́ jẹ gàrí, wá ẹja ṣáwá tì í. Fi irú, edé àti ẹ̀gúsí se ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ tàbí ṣọkọ. Se ẹyin jinná, nítorí funfun ẹyin tútù kì í jẹ́ kí ara rí biotin lò, fítámì B kan ni. Mu ọsàn lẹ́yìn ẹ̀wà àti ẹ̀fọ́. Fítámì C inú rẹ̀ ń ran ara lọ́wọ́ láti gba èròjà tí ń ṣe ẹ̀jẹ̀. Tíì ń dí èròjà náà lọ́wọ́, nítorí náà jẹ́ kó jìnnà sí oúnjẹ. Bí o bá ń bọ̀ wálé, o mọ̀ pé ọsàn àti ìbẹ́pẹ kì í wọ́n ní Fìdítì nítòsí wa.

Má sáré ra oògùn irun. Fítámì A tó bá pọ̀ jù, irun gan-an ló ń mú já, oògùn ẹ̀jẹ̀ kò sì yẹ ní mímu láìṣàyẹ̀wò, pàápàá fún ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ jẹ́ SS. Lọ ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ná. Bí o bá rí ibi róbótó tó pá, tó ń ṣọyún tàbí tó ń dán, má dúró de oúnjẹ. Ó lè jẹ́ lapálapá orí; ìpara nìkan kì í wò ó, oògùn tí a ń gbé mì ló ń wò ó; ibi tó bá sì ti di àpá, irun lè má hù níbẹ̀ mọ́. Ilé ìwòsàn UCH wà nítòsí rẹ, wọ́n ní dókítà awọ níbẹ̀.

Ní sùúrù. Bíi sẹ̀ǹtímítà kan ni irun ń gùn lóṣù, ó lè tó oṣù mẹ́fà kí ìyàtọ̀ tó hàn. Ṣùgbọ́n ohun tó dùn mí jù ni pé ebi ń pa ọ́, o sì ń bò ó mọ́ra, nígbà tí àwa wà níhìn-ín. Ebi kì í ṣe ohun ìtìjú láàárín ọmọ àti ìyá. A máa fi ẹ̀wà, ẹ̀gúsí àti ẹja gbígbẹ ránṣẹ́. Bí o bá ti ka lẹ́tà yìí tán, pe ìyá rẹ, sọ ohun tí o jẹ lánàá fún un, má fi ọ̀kan pamọ́.

Orí rẹ á gbè ọ́ o.

Èmi ni,
Ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ.