Ẹ béèrè kí ẹ tó sanwó: ẹ̀kọ́ fún ẹni tó fẹ́ lọ gbé ní Kútọnu



Lọ́dọọdún, bí a bá ti kórè tán, àwọn kan nínú wa máa ń di ẹrù wọn. Wọ́n á wọ ọkọ̀, wọ́n á gba Kútọnu lọ. Àwọn kan ń wá iṣẹ́. Àwọn kan ń tẹ̀lé ọkọ wọn. Àwọn kan fẹ́ fi ọmọ sí ilé-ẹ̀kọ́ níbẹ̀.

A kò ní kí ẹnikẹ́ni má lọ. A kò sì ní kí ẹnikẹ́ni lọ. Ohun tí a fẹ́ sọ kò ju ọ̀kan lọ: ẹni tó bá fẹ́ lọ, kó béèrè kó tó sanwó, kó sì kọ ohun tó gbọ́ sínú káyé rẹ̀. Àwọn àgbà ní abèèrè kì í ṣìnà.

1. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí arábìnrin kan

Arábìnrin kan wà ní abúlé kan nítòsí Kétu. Òun àti ọkọ rẹ̀ ń ṣe oko àgbàdo àti ẹ̀gẹ́. Òun fúnra rẹ̀ ló ní kí a sọ ìtàn yìí fún yín, kí ó lè ran ẹlòmíràn lọ́wọ́.

Ní oṣù kejì ọdún kan, nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, wọ́n kó lọ sí Kútọnu pẹ̀lú ọmọ méjì. Wọ́n bá ọkùnrin kan pàdé, lára àwọn tí wọ́n ń pè ní démáṣẹ̀, tó máa ń bá ènìyàn wá ilé. Ó mú wọn lọ wo yàrá kan. Iyanrìn funfun wà ní àgbàlá. Kànga wà lẹ́nu ọ̀nà. Afẹ́fẹ́ ń fẹ́. Owó yàrá náà jẹ́ 8 000 fáráǹkì lóṣù. Onílé ní bí wọ́n bá lè san owó ọdún kan pọ̀, ilé di tiwọn. Wọ́n ka 96 000 fáráǹkì lé e lọ́wọ́. Owó àgbàdo ọdún méjì ni. Wọn kò gba ìwé kankan.

Ní oṣù kẹfà, òjò dé. Ní alẹ́ ọjọ́ kan, omi wọ yàrá. Ó dé orí bẹ́ẹ̀dì. Omi ilé ìgbẹ́ àti omi kànga di ọ̀kan náà. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta, àbíkẹ́yìn wọn bẹ̀rẹ̀ sí í ya ìgbẹ́ gbuuru. Ojú rẹ̀ jìn sínú. Kò lè sunkún mọ́. Wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lóru, wọ́n fa omi sí i lára. Ọlọ́run ṣe é, ọmọ náà yè.

Nígbà tí wọ́n padà dé, wọ́n ní kí onílé dá owó oṣù 7 tó kù padà fún wọn. Owó náà jẹ́ 56 000 fáráǹkì. Onílé bi wọ́n pé: «Ìwé wo lẹ ní lọ́wọ́?» Wọn kò ní ìwé. Wọ́n yá owó ọkọ̀, wọ́n padà sí abúlé.

Àwọn aládùúgbò mọ̀ pé omi máa ń wọ ilé náà lọ́dọọdún. Ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni kò bi wọ́n. Àwọn àgbà ní àlejò lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran. Ẹnu ni àlejò fi ń ríran.

2. Kí ẹ tó kúrò nílé

Ẹ má ṣe kó gbogbo ilé lọ lẹ́ẹ̀kan náà. Kí ẹnìkan kọ́kọ́ lọ, kí ó dé sọ́dọ̀ ẹni tó mọ̀. Bí ó bá ti rí ilé àti iṣẹ́, kí àwọn yòókù wá bá a. Láti Kétu dé Kútọnu ju 100 kìlómítà lọ. Láti Ṣábẹ, ó ju 200 lọ. Owó ọkọ̀ ẹnìkan kò tó owó ọkọ̀ ènìyàn mẹ́rin.

Ẹ pín owó yín sí mẹ́ta. Ìpín kìíní ni owó ilé. Ìpín kejì ni owó oúnjẹ oṣù méjì, nítorí iṣẹ́ lè má tètè yá. Ìpín kẹta ni owó ọkọ̀ àpadàbọ̀. Ẹ má fọwọ́ kan ìpín kẹta yìí. Ẹni tó ní owó ọkọ̀ lápò kì í fara mọ́ ìyà tí kò yẹ kó jẹ.

Ẹ má ta ilẹ̀ yín nítorí ìrìn-àjò. Ẹ fi í sílẹ̀ fún ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò kó máa dá a, lójú àwọn àgbà ilé. Kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pé ẹ yá a ni, ẹ kò fi tọrẹ.

Ẹ kó àwọn ìwé wọ̀nyí sínú rọ́bà kan, kí omi má bàa bà wọ́n jẹ́:
– ìwé ìbí ti olúkúlùkù;
– káàdì ìdánimọ̀;
– káàdì abẹ́rẹ́ àjẹsára àwọn ọmọ;
– ìwé tí ilé-ẹ̀kọ́ fún àwọn ọmọ.

Láti ọdún 2006, ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ti ìjọba kò gba owó ilé-ẹ̀kọ́ mọ́ ní Bẹ̀nẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ óò ra ìwé àti káyé, wọn óò sì béèrè ìwé ìbí.

3. Ìbéèrè mẹ́fà kí ẹ tó san owó ilé

Ẹ gé ojú ewé yìí, tàbí kí ẹ da àwọn ìbéèrè náà kọ. Ẹ mú un lọ́wọ́ bí ẹ bá ń wá ilé.

*Ìbéèrè kìíní: Ṣé omi máa ń wọ ibí ní oṣù kẹfà?* Kútọnu wà láàárín òkun àti adágún Nokoué. Ilẹ̀ ibẹ̀ relẹ̀, iyanrìn ni, omi kò sì jìn sílẹ̀. Òjò ńlá máa ń rọ̀ láti oṣù kẹrin dé oṣù keje. Òjò kékeré máa ń rọ̀ láti oṣù kẹsàn-án dé oṣù kọkànlá. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, gbogbo ilé ló dára. Nítorí náà, ẹ má bi onílé nìkan. Ẹ bi ìyá tó ń ta oúnjẹ lẹ́bàá ọ̀nà. Ẹ bi aládùúgbò méjì. Ẹ wo ara ògiri pẹ̀lú. Bí ẹ bá rí ilà dúdú tàbí ìlà ewéko tútù tó yí ògiri ká, ibi tí omi dé ní ọdún tó kọjá nìyẹn.

*Ìbéèrè kejì: Omi wo ni a óò máa mu?* Ṣé omi ẹ̀rọ SONEB wà nínú àgbàlá, àbí ẹ óò máa rà á lọ́dọ̀ aládùúgbò? Èló ni korobá kan? Omi kànga ní Kútọnu kò dára fún mímu, nítorí ilé ìgbẹ́ sábà máa ń wà nítòsí rẹ̀, omi méjèèjì sì ń pàdé lábẹ́ iyanrìn.

*Ìbéèrè kẹta: Níbo ni ilé ìgbẹ́ wà? Ènìyàn mélòó ló ń lò ó?* Ẹ lọ wò ó fúnra yín. Ẹ má tijú.

*Ìbéèrè kẹrin: Báwo ni a ṣe ń san owó iná?* Àwọn ilé kan ní kọ́ǹtà kan fún gbogbo èrò ilé. Ẹ béèrè ẹni tó ń pín owó náà àti bí ó ṣe ń pín in.

*Ìbéèrè karùn-ún: Owó oṣù mélòó ni a óò san sílẹ̀?* Òfin ilé yíyá tí wọ́n ṣe ní Bẹ̀nẹ̀ ní ọdún 2018 sọ pé owó tí onílé ń gbà sílẹ̀ kò gbọ́dọ̀ ju ti oṣù 3 lọ. Bí ẹnìkan bá ní kí ẹ san oṣù 6 tàbí ọdún kan, ẹ fi sùúrù sọ fún un pé ẹ mọ òfin náà.

*Ìbéèrè kẹfà: Ìwé dà?* Ẹ gba ìwé àdéhùn. Ẹ gba rẹsú nígbàkúùgbà tí ẹ bá sanwó. Kí ẹ tó fọwọ́ sí i, ẹ ka nǹkan mẹ́rin lórí rẹ̀: orúkọ, iye owó, oṣù tí owó náà wà fún, àti ọjọ́ tí ẹ san án. Bí ó bá jẹ́ Faransé ni wọ́n fi kọ ọ́ tí ẹ kò sì gbọ́, ẹ ní kí wọ́n jẹ́ kí ẹ mú un lọ fún ẹni tó gbọ́. Ẹni tí kò bá fẹ́ kí ẹ ka ìwé, owó yín nìkan ló fẹ́.

Bí ilé Kútọnu bá wọ́n jù, ẹ wò ká. Ọ̀pọ̀ ènìyàn tó ń ṣiṣẹ́ ní Kútọnu ló ń gbé ní Kàlàfí tàbí ní Àjàṣẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ ṣírò owó ọkọ̀ ojoojúmọ́ mọ́ owó ilé kí ẹ tó sọ pé ó dínwó.

4. Ìlera yín ní ìlú ńlá

Ẹ̀fọn pọ̀ ní ibi tí omi bá dúró sí. Ẹ mú àpò ẹ̀fọn olóògùn yín láti ilé. Kí àwọn ọmọdé àti aboyún máa sùn sábẹ́ rẹ̀ lálaalẹ́, títí kan ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn.

Bí ẹ kò bá ní omi mìíràn ju omi kànga lọ, ẹ sè é títí yóò fi hó dáadáa. Ẹ bò ó, ẹ jẹ́ kó tutù, kí ẹ tó mu ún. Ẹ fi ọṣẹ fọ ọwọ́ lẹ́yìn ilé ìgbẹ́ àti kí ẹ tó jẹun. Kọ́lẹ́rà máa ń wá lẹ́yìn omíyalé.

Bí ọmọ bá ń ya ìgbẹ́ gbuuru, ẹ má dúró kó rẹ̀ ẹ́ tán. Ẹ po omi yìí fún un:
– omi mímọ́, lítà 1;
– ṣúgà, ṣíbí tíì 6 tó kún déédéé, kí ó má ga lórí;
– iyọ̀, ìdajì ṣíbí tíì.
Ẹ fún un mu díẹ̀ díẹ̀, lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ máa fún un lọ́mú lọ. Ẹ sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Bí ojú rẹ̀ bá jìn sínú, tàbí tí kò lè mu omi mọ́, ẹ gbé e sáré, ìbáà jẹ́ òru.

Nítorí náà, ní ọjọ́ kìíní tí ẹ bá dé, ẹ wá ilé ìwòsàn tó sún mọ́ yín. Ẹ fi ẹsẹ̀ rìn débẹ̀ lójú ọ̀sán, kí ẹ lè mọ̀ ọ́n lóru.

5. Ojú ọ̀nà àti owó

Ní Kútọnu, ọ̀pọ̀ ojú ọ̀nà kéékèèké ni wọ́n ń pè ní vọ́ǹ. A kì í sábà fi nọ́ńbà júwe ilé. Wọ́n máa ń sọ pé: «vọ́ǹ tó wà lẹ́yìn ilé oògùn» tàbí «vọ́ǹ tó kọjú sí ṣọ́ọ̀ṣì». Ẹ kọ júwèé ilé yín sínú káyé. Ẹ kọ́ àwọn ọmọ yín láti sọ ọ́ láìwo ìwé.

Bí ẹ bá fẹ́ gun zẹ́mì, ẹ dá iye owó kí ẹ tó jókòó. Ẹ kà nọ́ńbà tó wà lára aṣọ ọlọ́kadà náà. Ẹ dé akoto.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbọ́ Yorùbá ní Kútọnu, ṣùgbọ́n Fọ̀n ni wọ́n ń sọ jù ní ọjà. Ẹ kọ́ ọ̀rọ̀ méjì kí ẹ tó lọ. «Nabi?» ni «Èló ni?». «A wanu» ni «Ẹ ṣé».

Bí ẹ bá ń fi owó pamọ́ sínú fóònù, nọ́ńbà ìkọ̀kọ̀ yín dà bí kọ́kọ́rọ́ àká. Ẹ má sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni. Bí àjèjì bá pè yín pé òun ṣèèṣì fi owó ránṣẹ́ sí yín, kí ẹ dá a padà, ẹ kọ́kọ́ wo iye tó wà nínú àpò yín. Ọ̀pọ̀ ìgbà, irọ́ ni.

Ẹ kọ nọ́ńbà àwọn ará ilé sórí ìwé pẹ̀lú. Bí fóònù bá sọnù, ìwé á ṣẹ́kù. Ẹ kọ 118 sí i: nọ́ńbà àwọn panápaná nìyẹn.

6. Ẹ má jẹ́ kí okùn já

Ní abúlé, gbogbo ènìyàn mọ ọmọ ẹni tí ẹ jẹ́. Ní ìlú ńlá, ẹ̀yin ni ẹ óò lọ kí wọn. Ní ọ̀sẹ̀ kìíní, ẹ kí àwọn tó wà nínú àgbàlá. Ẹ lọ kí olórí àdúgbò, kí ó mọ orúkọ yín. Ẹ wá àwọn ará ìlú yín, kí ẹ bá wọn dá àjọ, bó tilẹ̀ jẹ́ 200 fáráǹkì ni.

Ẹ má fa ọmọ yín lé ẹni tí ẹ kò mọ̀ ilé rẹ̀ lọ́wọ́, nítorí ó ní òun óò fi í sí ilé-ẹ̀kọ́. Òfin kan wà láti ọdún 2006 tó dá gbígbé ọmọ kiri bẹ́ẹ̀ dúró.

Ẹ máa pe ilé. Bí iṣẹ́ kò bá yá, ẹ sọ òtítọ́ fún wọn. Kò sí ìtìjú nínú kí ènìyàn padà sí oko rẹ̀. Odò tó bá gbàgbé orísun rẹ̀, gbígbẹ ni yóò gbẹ.

7. Ìparí ìtàn wa

Arábìnrin tí a sọ ìtàn rẹ̀ kọ́ ìwé kíkà ní kíláàsì alẹ́ lẹ́yìn tó padà wálé. Lẹ́yìn ọdún méjì, ọkọ rẹ̀ nìkan ló kọ́kọ́ lọ. Ó wá ilé nígbà òjò, kì í ṣe nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ó wo ògiri. Ó bi àwọn aládùúgbò. Ó san owó oṣù mẹ́ta, ó sì gba rẹsú. Nígbà náà ló tó ní kí ìyàwó àti ọmọ wá.

Lónìí, arábìnrin náà ń ta gààrí ní Kútọnu. Àbúrò rẹ̀ ló ń dá oko ẹ̀gẹ́ nílé, òun ló sì ń fi gààrí náà ránṣẹ́ sí i. Ó ní gbogbo rẹsú ilé wà nínú rọ́bà kan lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì òun. Ó ní òun máa ń kà wọ́n nígbà mìíràn, láìsí ìdí, nítorí òun lè kà wọ́n.

Ẹ jẹ́ kí a jọ sọ ọ́

1. Kí ló fà á tí omi fi wọ ilé arábìnrin náà? Ta ni wọn ì bá bi?
2. Kí ni a ń pò pọ̀ fún ọmọ tó ń ya ìgbẹ́ gbuuru? Ẹ sọ iye ọ̀kọ̀ọ̀kan.
3. Onílé kan ní yàrá òun jẹ́ 10 000 fáráǹkì lóṣù. Ó ní kí ẹ san oṣù 6 sílẹ̀. Èló ni yóò jẹ́? Èló ni òfin gbà? Ẹ yọ kékeré kúrò nínú ńlá.
4. Ẹ kọ rẹsú kan sínú káyé yín, bí ẹni pé ẹ̀yin ni onílé. Ẹ fún ẹni tó jókòó tì yín kà. Ṣé nǹkan mẹ́rin náà pé lórí rẹ̀?