Ẹ̀KỌ́ TI OṢÙ YÌÍ: ẸNI TÓ WA ILẸ̀ NI KÓ TÚN UN ṢE

  

Ẹ̀kọ́ wa lónìí dá lórí ilẹ̀ àti omi níbi tí wọ́n bá ti wa kùsà. Ẹlòmíràn lè ní, "Kí ló kan aláta nínú ìwakùsà?" Ó kàn wá púpọ̀. Inú ilẹ̀ ni iṣu, ẹ̀gẹ́, ata àti ẹ̀fọ́ tí à ń tà ti ń jáde. Omi la fi ń rẹ ẹ̀gẹ́, òun náà la fi ń fọ ẹ̀fọ́. Bí ilẹ̀ bá bàjẹ́, tí odò bàjẹ́, kí la fẹ́ pàtẹ? Ọ̀rọ̀ yìí ò sì jìnnà sílé, nítorí ilẹ̀ Ìjerò-Èkìtì ni wọ́n ti ń wa tánńganran, amọ̀ funfun àti òkúta olówó iyebíye.

BÍ WỌ́N ṢE Ń WA Á

Ẹ jẹ́ ká fi èédú ṣe àpẹẹrẹ. Kì í ṣe èédú igi tí a fi ń dáná o, èédú inú ilẹ̀ tó le bí òkúta ni. Ọ̀nà méjì ni wọ́n ń gbà wa á. Èkíní, wọ́n á gbẹ́ ihò wọnú ilẹ̀ bí òkété. Bí wọ́n ṣe ṣe é ní Enugu nìyẹn, níbi tí wọ́n ti rí èédú ní 1909, tí iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní 1915. Èkejì, wọ́n á ṣí ilẹ̀ láti òkè. Wọ́n á gé igi, wọ́n á kó iyẹ̀pẹ̀ àti òkúta kúrò kí ọwọ́ wọn tó kan èédú. Báyìí ni wọ́n ṣe wà á ní Òkàbà, lápá Ankpa, ní ìpínlẹ̀ Kogi. Ọ̀nà kejì yìí ló ń jẹ ilẹ̀ oko jù.

OHUN TÓ Ń BÀJẸ́

Ilẹ̀ dúdú tó wà lókè ló lọ́ràá. Bí wọ́n bá da òkúta bò ó mọ́lẹ̀, iṣu ò ní ta níbẹ̀ mọ́.

Ti omi tún wà ńbẹ̀. Imí-ọjọ́ máa ń wà nínú òkúta tó sún mọ́ èédú. Bí atẹ́gùn àti òjò bá kàn án, omi ibẹ̀ á kan bí ọsàn wẹ́wẹ́, á pupa bí irin tó dóògún, ẹja á sì kú. Ní Enugu, omi láti ibi ìwakùsà Onyeama ń ṣàn wọ odò Ekulu. Iṣẹ́ ti dúró níbẹ̀, àwọn òṣìṣẹ́ ti lọ, omi ò dúró.

Ẹ wo Jos náà. Ó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún tí àwọn òyìnbó ti bẹ̀rẹ̀ sí í wa tánńganran níbẹ̀. Àwọn kòtò náà di adágún omi, èèyàn àti ẹran ń kú sínú wọn. Ṣùgbọ́n àwọn àgbẹ̀ tún ń fa omi inú wọn láti gbin pòtétò, kábéèjì àti tòmátì lásìkò ẹ̀ẹ̀rùn. Èyí fi hàn pé kòtò lè wúlò, bí wọ́n bá tún un ṣe dáadáa.

Ti Zamfara ló burú jù. Ní 2010, òjé inú òkúta wúrà pa ọmọdé tó lé ní irinwó. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ẹ̀rọ ìlọta, ẹ gbọ́ o: ẹ̀rọ ìlọkà làwọn kan fi lọ òkúta náà. Wọ́n ní láti ha iyẹ̀pẹ̀ àwọn abúlé dànù, kí wọ́n kó tuntun wá. Ní Bàgẹ́gà, 2013 ni iṣẹ́ náà tó débẹ̀.

BÍ WỌ́N ṢE Ń TÚN UN ṢE

1. Kí wọ́n tó wa ilẹ̀, wọ́n á há ilẹ̀ dúdú òkè, wọ́n á kó o sọ́tọ̀.
2. Bí wọ́n bá wa tán, òkúta ni wọ́n á kọ́kọ́ dá padà sínú kòtò, wọ́n á tẹ́ ẹ kó má baà ya.
3. Ilẹ̀ dúdú ló máa borí. Bí a ti ń to ìkòkò ni, ńlá nísàlẹ̀, kékeré lókè.
4. Wọ́n á gbin koríko, irúgbìn bí ẹ̀wà àti ẹ̀pà tó ń fún ilẹ̀ lọ́ràá, àti igi.
5. Wọ́n á la kòtò omi, kí ẹrẹ̀ má wọ odò. Omi tó bá kan, wọ́n á fi òkúta ẹfun lílọ̀ sí i, irú èyí tí wọ́n fi ń ṣe sìmẹ́ńtì.

OHUN TÍ ÒFIN WÍ

Ní Amẹ́ríkà, láti 1977, ẹni tó bá fẹ́ wa èédú láti òkè gbọ́dọ̀ fi owó ìdógò sílẹ̀ kó tó bẹ̀rẹ̀. Bó bá sá lọ, owó náà ni wọ́n á fi tún ilẹ̀ ṣe. Àwa ọlọ́jà mọ ìtumọ̀ ìdógò. Òfin ìwakùsà Nàìjíríà ti 2007 náà ní kí iléeṣẹ́ tún ilẹ̀ ṣe, kí wọ́n sì máa dá owó sí àpò kan nítorí rẹ̀. Ó tún ní kí wọ́n bá ará àdúgbò ṣe àdéhùn kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Ti àwọn tó ń fọ́ òkúta náà wà nínú rẹ̀.

Ará àdúgbò ni òfin wí o, kì í ṣe ọkùnrin nìkan. Àwa là ń pọnmi, àwa là ń ta irè oko. Bí wọ́n bá ń ṣe irú àdéhùn bẹ́ẹ̀ nítòsí wa, kí obìnrin wà ní ìjókòó, kó sì bèèrè pé:

– Níbo lẹ máa kó ilẹ̀ dúdú sí?
– Ta ni yóò máa yẹ omi odò wò?
– Èló lẹ ti fi sílẹ̀ fún àtúnṣe, ọwọ́ ta ló wà?
– Ọdún wo lẹ máa dá ilẹ̀ padà?

Kí wọ́n kọ ìdáhùn sínú ìwé, kí àdúgbò ní ẹ̀dà tiwọn. Ọ̀rọ̀ ẹnu lásán, atẹ́gùn ni.

Ẹni tó mọ̀wé kà, kó ka èyí sétí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n kà. Ká jíròrò rẹ̀ nípàdé wa tó ń bọ̀. Omi ò lọ́tàá. Ire o.