ÌJÁNU KÌ Í ṢÀDÉÉDÉÉ JÁ: ÈDÈ YORÙBÁ ÀTI ÀYẸ̀WÒ ỌKỌ̀ FÚN ÌDÁNWÒ ÌWAKỌ̀ NÍ FESTAC ÀTI ÀMÚWÒ-Ọ̀DỌ̀FIN

Ìfáàrà

Ẹni tí ó bá jí rìn ní òwúrọ̀ ọjọ́ Àìkú ní Festac Town, kí oòrùn tó mú, yóò rí ọkọ̀ kan tàbí méjì tí wọ́n lẹ lẹ́tà L pupa mọ́ níwájú àti lẹ́yìn, tí ń rọra yí po ní àwọn òpópó tí wọ́n fi nọ́ńbà sọ lórúkọ. Ìjọba àpapọ̀ ni ó kọ́ ìlú yìí nítorí àjọ̀dún àṣà àti iṣẹ́ ọnà àwọn ènìyàn dúdú tí ó wáyé láti ọjọ́ 15 oṣù Kìn-ín-ní sí ọjọ́ 12 oṣù Kejì ọdún 1977. Wọ́n la ọ̀nà rẹ̀ gún régé, ó sì fẹ̀. Ìdí nìyí tí àwọn tí ń kọ́ ènìyàn ní ìwakọ̀ fi fẹ́ràn rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí akẹ́kọ̀ọ́ bá ti gba Fáàsì Géètì jáde, ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Àgbádárìgì ni yóò bá pàdé, pẹ̀lú dánfó tí ń sáré lọ sí Máìlì Tú, bọ́ọ̀sì ọlọ́nà jíjìn ti Maza-Maza, àti táńkà agbépo. Ọ̀nà yìí kan náà ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí ń lọ sí ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ ní Ìjanikin, èyí tí ó di yunifásítì ní ọdún 2022, ń gbà láti àárín ìgboro Èkó.

Ohun tí a fẹ́ yẹ̀ wò nínú iṣẹ́ yìí ni ipò tí ó yẹ kí ọkọ̀ wà kí a tó gbé e lọ sí ibi ìdánwò ìwakọ̀, àti bí olùkọ́ èdè Yorùbá ṣe lè fi kókó yìí kọ́ ẹ̀kọ́. A mọ̀ pé àwọn kan yóò béèrè pé kí ni ó kan ẹ̀ka Yorùbá nínú ọ̀rọ̀ búréèkì àti táyà. A kì í ṣe mẹkáníìkì lóòótọ́. Ṣùgbọ́n èrò wa ni pé ọ̀nà tí a ń gbà sọ̀rọ̀ nípa ọkọ̀ tí ó bàjẹ́ ń fi ohun kan pamọ́ fún wa, ohun náà sì ń pa ènìyàn.

Ìwé àṣẹ àti ọkọ̀ tí a fi ń gbà á

Ọ̀rọ̀ ìwé àṣẹ ìwakọ̀ kò ṣàjèjì sí àwọn òǹkọ̀wé wa. Nínú eré onítàn The Road tí Wọlé Ṣóyínká gbé jáde ní ọdún 1965, ẹ̀dá-ìtàn tí wọ́n ń pè ní Professor a máa ṣe ayédèrú ìwé àṣẹ fún àwọn awakọ̀, ó sì tún ń bójú tó ìsọ̀ tí wọ́n ti ń ta ẹ̀yà ara ọkọ̀ tí ó ti ní jàǹbá. Òǹkọ̀wé yìí kan náà wà lára àwọn tí iṣẹ́ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó jẹ lógún nígbà tí ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ dá ẹgbẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀ ní ọdún 1977. Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ dá àjọ FRSC sílẹ̀ ní ọdún 1988, òun ni alága àkọ́kọ́ fún ìgbìmọ̀ tí ń darí rẹ̀. A kì í sábà ka eré náà mọ́ iṣẹ́ yẹn. Ó yẹ kí a máa kà wọ́n pọ̀.

Lónìí, ẹni tí ó bá fẹ́ gba ìwé àṣẹ fún ọkọ̀ ara rẹ̀ gbọ́dọ̀ ti pé ọmọ ọdún 18. Yóò gba ìwé àṣẹ akẹ́kọ̀ọ́, yóò kọ́ṣẹ́ ní ilé ẹ̀kọ́ ìwakọ̀ tí ìjọba fọwọ́ sí, lẹ́yìn náà ni àwọn ayẹkọ̀wò tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí VIO yóò dán an wò, kí àjọ FRSC tó ya àwòrán rẹ̀, kí wọ́n sì gba ìtẹ̀ka rẹ̀. Àwọn VIO yìí kan náà ni iṣẹ́ àyẹ̀wò ọkọ̀ wà ní ìkáwọ́ wọn. Ìtumọ̀ èyí ni pé ojú méjì ni ó yẹ kí wọ́n fi wo ẹni tí ó wá ṣe ìdánwò: ojú kan fún awakọ̀, ojú kan fún ọkọ̀.

Àwọn ọmọ Yorùbá tí wọ́n ń gbé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì mọ èyí dáadáa. Níbẹ̀, bí iná ìkìlọ̀ kan bá ń tàn ní iwájú awakọ̀, tí ojú táyà kò bá jìn tó mìlímítà 1.6, tí kò bá sí bẹ́líìtì fún adánniwò tàbí dígí kékeré tí òun náà yóò fi máa wo ẹ̀yìn, ìdánwò kò ní í wáyé ní ọjọ́ náà, owó tí a san sì lè gbé. Wọn kì í tilẹ̀ gbà kí wọ́n dán ènìyàn wò nínú ọkọ̀ tí ẹnìkan ṣẹ̀ṣẹ̀ mu sìgá nínú rẹ̀. Wọn kò tíì mọ̀ bóyá ẹni náà mọ ọkọ̀ wà tí wọn yóò ti dá a padà sílé.

Ohun tí a ń wò lára ọkọ̀

Búréèkì ni àkọ́kọ́. Ọ́ìlì ni ó máa ń gbé agbára ẹsẹ̀ awakọ̀ dé ọ̀dọ̀ àgbá táyà. Ọ́ìlì kò ṣeé fún pọ̀, nítorí náà bí a bá tẹ pẹ́dà, agbára náà yóò dé ibi tí a rán an. Atẹ́gùn ṣeé fún pọ̀. Bí atẹ́gùn bá wọ inú páìpù, tàbí tí ọ́ìlì bá ń jò, ẹsẹ̀ yóò máa wọlẹ̀ kí ọkọ̀ tó dúró. Ọ́ìlì búréèkì a sì máa fa omi láti inú afẹ́fẹ́. Bí ó bá pẹ́ láìpààrọ̀, tí búréèkì sì gbóná nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, omi náà lè hó, kí ó di ooru nínú páìpù, kí ẹsẹ̀ sì rọ̀ bí ẹni tẹ tìmùtìmù. Ti páàdì sàn jù, nítorí pé òun a máa pariwo: bí ó bá ti jẹ tán, irin yóò máa ha irin.

Ní ọdún 2006 tí àwa fúnra wa ń kọ́ ìwakọ̀ ní agbègbè yìí, ọkọ̀ tí wọ́n fi ń kọ́ wa kì í dúró bí a bá tẹ búréèkì lẹ́ẹ̀kan. Ọ̀gá tí ń kọ́ wa sọ ọ́ fún wa ní ọjọ́ kìn-ín-ní pé, “Ẹ máa pọ́ǹpù ẹ̀, tíṣà. Bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn.” A kà á sí ara ẹ̀kọ́. Ní ọjọ́ kan, nínú ọ̀sẹ̀ kejì, ọmọbìnrin kan tí ó ru àtẹ bùrẹ́dì ṣàdédé sọ̀kalẹ̀ sí títì. A tẹ búréèkì, ó wọlẹ̀. A tún tẹ̀ ẹ́, ó tún wọlẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kẹta ni ọkọ̀ dúró, ìwọ̀n apá ènìyàn ni ó kù. Ọmọ náà kò ké rárá. Ó gbé ọwọ́ sókè, ó di àtẹ rẹ̀ mú, ó sì kọjá lọ. Ọ̀gá wa mí kanlẹ̀, ó ní, “Ọlọ́run yọ wá. Búréèkì ì bá já.” Ọkọ̀ yẹn náà ni a gbé lọ ṣe ìdánwò. A yege. Kò sí ẹni tí ó béèrè bí ẹsẹ̀ búréèkì ṣe rí, àwa náà kò sì sọ.

Táyà ni ó tẹ̀ lé e. Àwọn ilà tí ó jìn lójú táyà wà kí wọ́n lè máa lé omi kúrò lábẹ́ rẹ̀. Bí ojú náà bá ti jẹ tán, omi yóò gbé táyà kúrò lórí ọ̀dà nígbà òjò, sítíárìn yóò sì fúyẹ́ lọ́wọ́ awakọ̀ bí ẹni pé ọkọ̀ kò sí nílẹ̀. Táyà tí atẹ́gùn rẹ̀ kò tó náà léwu, nítorí pé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ yóò máa ká, yóò máa nà, títí yóò fi gbóná débi tí yóò bẹ́. Nígbà tí táyà tutù ni ó yẹ kí a gbé e dé ọ̀dọ̀ fọkanáísà fún wíwọ̀n. Ọjọ́ orí rẹ̀ ṣe pàtàkì pẹ̀lú. Ní ẹ̀gbẹ́ táyà, ní òpin àwọn àmì tí ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú DOT, nọ́ńbà mẹ́rin wà níbẹ̀: méjì àkọ́kọ́ ni ọ̀sẹ̀ tí wọ́n ṣe é, méjì tí ó kẹ́yìn ni ọdún. Bí a bá rí 2319, ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2019 ni. Ó ti pẹ́ tí àjọ FRSC ti ń kìlọ̀ pé kí a má ṣe lo táyà tí ó ti lé ní ọdún mẹ́rin.

Níhìn-ín ni orúkọ tí a fún nǹkan ti ń tàn wá. Tókunbọ̀ ni orúkọ ọmọ tí wọ́n bí sí òkè òkun tí wọ́n sì gbé wá sílé. Orúkọ ayọ̀ ni. Nígbà tí a fi pe táyà tàbí ọkọ̀ tí àwọn ẹlòmíràn ti lò gbó, ayọ̀ inú orúkọ náà bá a wá. Ẹni tí ó ra “táyà tókunbọ̀” rò pé ohun tí ó ti òkè òkun bọ̀ ni òun rà. Ẹni tí ó tà á kò sọ ìdí tí àwọn ará ọ̀hún fi bọ́ ọ sílẹ̀.

Àwọn ìyókù kò gba àlàyé púpọ̀. Kí gbogbo iná máa tàn, pàápàá iná búréèkì tí awakọ̀ kò lè rí láti ibi tí ó jókòó. Kí wáípà, họ́ọ̀nù, dígí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta àti bẹ́líìtì máa ṣiṣẹ́. Kí háńdì-búréèkì lè dá ọkọ̀ dúró lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Kí ọkọ̀ ní táyà ìpààrọ̀, jáàkì, ohun èlò ìpaná àti síkọ́ṣọ̀n. Kí ìwé ọkọ̀ pẹ̀lú pé. A ti rí ẹni tí ìwé rẹ̀ pé pérépéré, tí kò sì sí jáàkì lẹ́yìn ọkọ̀.

“Ìjánu já”, “táyà bẹ́”

Ẹ jẹ́ kí a wo gbólóhùn mẹ́ta tí ó wọ́pọ̀ nínú ìròyìn jàǹbá ọkọ̀:

Ìjánu ọkọ̀ náà já.
Táyà ẹ̀yìn bẹ́.
Ọkọ̀ náà já sí kòtò.

Kò sí olùṣe nínú ọ̀kankan. Ọ̀rọ̀-ìṣe “já” lè gba àbọ̀, bí a ti rí i nínú “Ọmọ náà já okùn”. Ó sì lè wà láìgba àbọ̀, bí i “Okùn náà já”. Nínú irúfẹ́ kejì yìí, ohun tí nǹkan ṣe ni ó bọ́ sí ipò olùwà, ẹni tí ó ṣe é sì di àwátì. Kò sí ẹni tí yóò sọ pé “Awakọ̀ já ìjánu”. Bẹ́ẹ̀ ni a kì í gbọ́ kí wọ́n sọ pé “Awakọ̀ kò pààrọ̀ páàdì”.

Ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ náà tún dá kún un. Ara ẹṣin ni a ti mú “ìjánu” wá sí ara ọkọ̀, gẹ́gẹ́ bí a ti mú un wá sí ìwà ènìyàn nígbà tí a bá ní kí ẹnìkan kó ara rẹ̀ ní ìjánu. Awọ àti okùn ni wọ́n so mọ́ ìjánu ẹṣin. Ó lè já lójijì. Búréèkì ọkọ̀ kì í sábà ṣe bẹ́ẹ̀. Ó máa ń wọlẹ̀, ó máa ń jò, ó máa ń dún, fún ọ̀sẹ̀ tàbí oṣù. Ohun tí a pè ní “já” ni ọjọ́ ìkẹyìn nínú ọjọ́ púpọ̀. A kò sọ pé kí a pa “ìjánu” tì; ọ̀rọ̀ tí ó dára ni, ó sì dùn-ún kọ ju “búréèkì” tí a fi etí yá lọ. Ìṣe tí a so mọ́ ọn ni a ń bá wí.

Àwọn awakọ̀ àti mẹkáníìkì ní èdè tí ó péye ju ti oníròyìn lọ. Ẹ lọ dúró ní ẹ̀gbẹ́ ọgbà mẹkáníìkì, ẹ ó gbọ́ pé: “Ẹsẹ̀ ẹ̀ ti ń wọlẹ̀.” “Ó ń fà sí ọ̀tún.” “Sítíárìn ń gbọ̀n tó bá ti sáré.” “Iwájú ń dún.” Gbogbo wọn ni ó ní “ń”, atọ́ka ibá-ìṣẹ̀lẹ̀ atẹ́rẹrẹ. Èdè ẹni tí ń ṣàyẹ̀wò nìyí: nǹkan ń ṣẹlẹ̀ lọ́wọ́, a sì lè dá a dúró. “Já” àti “bẹ́” kò ní “ń” nínú ìròyìn; ó ti ṣẹlẹ̀, ó ti tán.

Nínú kíláàsì

A ti fi kókó yìí kọ́ ẹ̀kọ́ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa tí ń múra sílẹ̀ fún ìdánrawò ìkọ́ni, ó sì gba wákàtí méjì. Ní wákàtí kìn-ín-ní a kó wọn lọ síbi tí ọkọ̀ olùkọ́ kan wà. Akẹ́kọ̀ọ́ méjì-méjì ni wọ́n ń ṣeré ìdánwò, ọ̀kan jẹ́ adánniwò, èkejì jẹ́ ẹni tí wọ́n ń dán wò:

— Ẹ káàárọ̀ sà.
— Káàárọ̀. Tẹ búréèkì, má gbé ẹsẹ̀ kúrò. Báwo ló ṣe rí?
— Ó le, sà. Kò wọlẹ̀.
— Sọ̀kalẹ̀ wá ka ọjọ́ orí táyà yìí fún mi.

Ẹ̀rín ni wọ́n kọ́kọ́ fi ṣe. Nígbà tí wọ́n dé ibi táyà, ẹnìkan ka ọdún tí ó wà lára táyà olùkọ́ náà jáde sókè, gbogbo wọn sì dákẹ́. Táyà náà ti gbó ju bí olúwarẹ̀ ti rò lọ. (Ó ti pààrọ̀ rẹ̀ báyìí.)

Ní wákàtí kejì, àrokọ ni. A fún wọn ní ìròyìn kúkúrú tí a fúnra wa kọ, nípa ọkọ̀ tí ìjánu rẹ̀ já ní ẹ̀gbẹ́ Máìlì Tú. A ní kí wọ́n tún un kọ láìlo “já”, kí wọ́n sì fi “ń” sọ ohun tí ọkọ̀ náà ti ń ṣe láti ọ̀sẹ̀ tí ó ṣáájú. Ẹni tí ó bá kọ ọ́ báyìí kò lè ṣe é láìdárúkọ awakọ̀, ẹni tí ó ni ọkọ̀, àti mẹkáníìkì. Àwọn kan kùn pé àrokọ náà ti gùn jù. Bẹ́ẹ̀ ni, ó gùn. Olùṣe ti pọ̀ sí i.

Ìṣòro kan ṣoṣo tí a kò tíì yanjú ni ti orúkọ. A kò rí ọ̀rọ̀ Yorùbá tí ẹnu kò lórí rẹ̀ fún síkọ́ṣọ̀n. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ dábàá “onígun-mẹ́ta ìkìlọ̀”, a sì ń lò ó nínú kíláàsì. Mẹkáníìkì wa rẹ́rìn-ín nígbà tí a sọ ọ́ fún un, ó ní òun mọ ohun tí à ń sọ, ṣùgbọ́n kí a jọ̀wọ́, kí a kọ́kọ́ rà á.