Àtọ̀gbẹ Kọ́ Ló Ní Kí Ìyá Máa Dá Jẹun

Nínú lẹ́tà gígùn tí ìyá kan kọ ránṣẹ́ láti Ìbà, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ọ̀jọ́ ní Èkó, lórí àtọ̀gbẹ tí dókítà ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún wọn pé ó wà lára wọn, ọ̀rọ̀ tó gba àfiyèsí jù lọ kì í ṣe èyí tó dá lórí oògùn tàbí iye ṣúgà tí wọ́n bá nínú ẹ̀jẹ̀ wọn. Ọ̀rọ̀ kan tí wọ́n kàn mẹ́nu bà fẹ́rẹ́ lójú ìwé kejì ni: pé àkọ́bí wọn obìnrin ti ra ìkòkò kékeré kan fún wọn, ó sì so òwú pupa mọ́ etí rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má baà ṣèèṣì fi se oúnjẹ ilé, àti pé láti ìgbà náà, orí àpótí nínú ilé ìdáná ni wọ́n ti ń jẹun, lẹ́yìn tí baálé àti àwọn ọmọ bá ti jẹun tán. Ìbéèrè tí wọ́n fi parí lẹ́tà ni pé kí ló tún yẹ kí àwọn fi kún wíìtì àti èlùbọ́ ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí àwọn ń dá sè.

Kí ìdáhùn tó kan oúnjẹ, ọ̀rọ̀ ìkòkò náà ló yẹ kí ó ṣíwájú, nítorí inú rẹ̀ ni gbogbo àṣìṣe ìtọ́jú yìí fara pamọ́ sí. Àtọ̀gbẹ, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pè ní ìtọ̀ ṣúgà, kì í ṣe àrùn tó ń ti ara abọ́, ṣíbí tàbí ìkòkò ran ẹlòmíràn. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ni pé gbogbo oúnjẹ tó kún fún sítáàṣì, bí iṣu, gààrí, ìrẹsì, búrẹ́dì àti àgbàdo, ni ara ń sọ di ṣúgà tí ẹ̀jẹ̀ ń gbé kiri, èròjà kan tí ń jẹ́ insulin, tí ẹ̀yà ara kan tó wà lẹ́yìn àpò oúnjẹ ń pèsè, ló sì ń jẹ́ kí ṣúgà náà ráàyè wọ inú iṣan àti àwọn ẹ̀yà mìíràn tó fẹ́ lò ó. Nínú irú àtọ̀gbẹ tó wọ́pọ̀ jù láàárín àwọn àgbà, èyí tí àwọn dókítà ń pè ní irú kejì, insulin ṣì wà, ṣùgbọ́n ara kò gbọ́ràn sí i lẹ́nu mọ́ bó ṣe yẹ, pàápàá bí ọ̀rá bá ti gba inú ikùn àti ẹ̀dọ̀ kan, títí tí èyí tí ara ń pèsè kò fi ní tó mọ́, tí ṣúgà yóò sì máa kún inú ẹ̀jẹ̀. Bí wọ́n bá yẹ ẹ̀jẹ̀ ènìyàn wò láàárọ̀ kí ó tó fi nǹkan kan ẹnu, tí iye tó wà lójú ẹ̀rọ sì tó 126 mg/dL tàbí tó jù bẹ́ẹ̀ lọ lọ́jọ́ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, àtọ̀gbẹ ni. Ẹni tí tirẹ̀ wà láàárín 100 sí 125 kò tíì dé ibẹ̀, ṣùgbọ́n ó ti wà lójú ọ̀nà.

Ẹni tó bá lóye èyí yóò rí i pé wíìtì inú ìkòkò olówùú pupa kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí ẹ̀bà tó bí ìyá Ìbà ṣe lérò. Wọ́n kọ ọ́ pé àjẹyó ni àwọn ń jẹ ẹ́ nítorí pé kò ní ṣúgà nínú, ọ̀rọ̀ tí ẹnì kan tó ń ta èlùbọ́ ní ọjà Ìyànà-Ìbà sọ fún wọn, tó sì jọ pé ó ti sọ fún ọ̀pọ̀ oníbàárà ṣáájú wọn. Sítáàṣì ló pọ̀ jù nínú wíìtì, òun ló pọ̀ jù nínú èlùbọ́ ọ̀gẹ̀dẹ̀, òun náà ló sì pọ̀ jù nínú gààrí, àmàlà àti fùfú. Òótọ́ ni pé ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí kò tíì pọ́n àti ọkà tí wọn kò bó èèpo rẹ̀ máa ń pẹ́ díẹ̀ kí wọ́n tó di ṣúgà nínú ẹ̀jẹ̀, àǹfààní sì ni, ṣùgbọ́n òkìtì wíìtì tó kún àwo lè gbé ṣúgà sókè ju ẹ̀bà kékeré tó mọ níwọ̀n lọ. Kí òkèlè, èyí tó wù kó jẹ́, má ju ìkúùkù ẹni tó fẹ́ jẹ ẹ́ lọ. Kí ẹ̀fọ́ gba ìdajì àwo. Kí ẹja, ẹyin, ẹ̀wà tàbí ẹran tí kò lọ́ràá gba àyè tó kù. Ó tún dára kí ènìyàn kọ́kọ́ jẹ lára ẹ̀fọ́ àti ẹja kí ó tó bu òkèlè àkọ́kọ́, nítorí àwọn onímọ̀ ti rí i pé ṣúgà kì í ga tó bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn oúnjẹ bí ó bá jẹ́ pé sítáàṣì ló kẹ́yìn wọ ikùn.

Kò sí èyí tó ṣàjèjì sí ilé kankan ní Ọ̀jọ́ nínú gbogbo ohun tí a kà sílẹ̀ wọ̀nyí. Èpìyà, àrọ̀, edé àti alákàn wà lórí igbá àwọn ẹlẹ́ja; tẹ̀tẹ̀, ṣọkọ, ewúro, ewédú àti ilá wà lọ́jà, ẹ̀wà olóyin náà sì wà bí ó tilẹ̀ ti wọ́n. Ọbẹ̀ tí wọ́n bá fi wọ̀nyí sè, tí epo àti iyọ̀ rẹ̀ mọ níwọ̀n, ọbẹ̀ gbogbo ilé ni, kò sì sí ìdí tó fi gbọ́dọ̀ wà nínú ìkòkò ọ̀tọ̀. Ọmọ tó bá fẹ́ òkèlè ńlá lè ro tirẹ̀ sí i, ṣùgbọ́n kí ọbẹ̀ jẹ́ ọ̀kan, kí orí tábìlì náà sì jẹ́ ọ̀kan.

Ìdí mìíràn tún wà, ó sì kan àwọn tí kò tíì ṣàìsàn nínú ilé náà. Irú àtọ̀gbẹ kejì máa ń rìn nínú ẹbí, ọmọ tí òbí rẹ̀ bá ní in sì wà nínú ewu ju ọmọ mìíràn lọ. Ìwádìí ńlá kan ní Amẹ́ríkà, tí àbájáde rẹ̀ jáde ní 2002, kó àwọn ènìyàn tó lé ní 3,000 jọ tí ṣúgà wọn ti ga díẹ̀ ṣùgbọ́n tí kò tíì di àtọ̀gbẹ. Láàárín àwọn tí wọ́n kọ́ láti tún oúnjẹ wọn ṣe, láti dín ìwọ̀n ara wọn kù ní bí ìdá 7 nínú 100, àti láti máa rìn fún 150 ìṣẹ́jú lọ́sẹ̀, iye àwọn tí àtọ̀gbẹ mú fi ìdá 58 nínú 100 dín sí ti àwọn tí wọ́n kàn fún ní oògùn tí kò ní agbára kankan nínú. Oògùn metformin, tí wọ́n fún apá kẹta, fi 31 nínú 100 dín in kù. Oúnjẹ àti ẹsẹ̀ rírìn ṣe ju oògùn lọ. Ní Nàìjíríà, ìwádìí tí ìgbìmọ̀ Ọ̀jọ̀gbọ́n Oládìpọ̀ Akinkugbe gbé jáde ní 1997 bá àtọ̀gbẹ lára 2.2 nínú 100 àgbàlagbà ní gbogbo orílẹ̀-èdè, ó sì bá a lára 7.2 ní Lagos Mainland. Nígbà tí àwọn onímọ̀ mìíràn kó oríṣiríṣi ìwádìí pọ̀ ní 2018, ti gbogbo orílẹ̀-èdè ti tó bí 5.8. Ìlú ńlá ni àrùn yìí fẹ́ràn, Ìbà àti Òkòkòmáíkò sì ti kúrò ní abúlé tipẹ́tipẹ́. Ìkòkò ọ̀tọ̀ ń dáàbò bo ẹnì kan, ó sì ń fi àwọn ọmọ sílẹ̀ lójú ọ̀nà tí ìyá wọn gbà débi tó wà.

Irú ọ̀rọ̀ báyìí ti dé ojú ewé yìí rí. Ìyàwó ọkùnrin kan tó ń ta tẹlifíṣọ̀n ní ọjà Alábà kọ̀wé pé oúnjẹ ọ̀tọ̀ ni òun ń sè fún ọkọ òun, síbẹ̀ ṣúgà rẹ̀ kò wálẹ̀, dókítà sì ń fi kún oògùn rẹ̀. Ohun tí kò mọ̀ ni pé ojú ń ti ọkùnrin náà láti máa jẹ oúnjẹ ọ̀tọ̀ níwájú àwọn ọmọ rẹ̀, tó fi jẹ́ pé, kí ó tó délé lálaalẹ́, ó ti yà sí bùkà kan nítòsí ibùdókọ̀ Volks, ó ti jẹ ẹ̀bà méjì pẹ̀lú ẹran, kí ó tó wá jókòó ti wíìtì ìyàwó rẹ̀ bí ẹni tí ebi ń pa. Lọ́jọ́ tí òjò dí ọ̀nà, tí ó ti lo oògùn ìrọ̀lẹ́ rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù ṣùgbọ́n tí kò lè dé bùkà, oògùn tí dókítà fi kún láìmọ̀ pé ẹ̀bà kan ń bẹ níbì kan fa ṣúgà rẹ̀ wálẹ̀ kọjá ààlà. Òógùn bò ó, ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n, ó ń sọ ìsọkúsọ nínú ọkọ̀, àwọn èrò sì rò pé ó ti mutí yó. Obìnrin kan tó ní ọtí ẹlẹ́rìndòdò lọ́wọ́ ló fún un mu tí ojú rẹ̀ fi wálẹ̀. Ìgbà tí ìyàwó kó ìkòkò ọ̀tọ̀ kúrò nílẹ̀ tí gbogbo wọn jọ ń jẹun ni ọkùnrin náà jáwọ́ nínú bùkà, tí dókítà sì bẹ̀rẹ̀ sí í dín oògùn rẹ̀ kù.

Ẹ̀kọ́ kan wà níbẹ̀ fún ìyá Ìbà, tí wọn kò kọ orúkọ oògùn wọn sínú lẹ́tà. Ṣúgà tó bá já wálẹ̀ ju 70 lọ léwu, ó sì lè pa ènìyàn kíá ju èyí tó ga lọ. Metformin nìkan kì í sábà fà á, ṣùgbọ́n glibenclamide àti abẹ́rẹ́ insulin lè fà á, nítorí náà kí ẹni tó bá ń lò wọ́n má ṣe dín oúnjẹ kù lójijì tàbí kí ó gba ààwẹ̀, ì báà ṣe ti ṣọ́ọ̀ṣì, ì báà ṣe ti Ràmàdáànì, láìjẹ́ pé dókítà ti tún ìwọ̀n oògùn rẹ̀ wò. Kí ìyá wo orúkọ oògùn tiwọn lára páálí rẹ̀.

Baálé ilé náà ni ọ̀rọ̀ kàn. Lẹ́tà sọ pé nígbà tí wọ́n dábàá pé kí gbogbo ilé jọ máa jẹ ohun kan náà, èsì rẹ̀ ni pé òun kò lè máa jẹ oúnjẹ aláìsàn. Ó yẹ kí wọ́n bi bàbá yìí léèrè pé èwo ni oúnjẹ aláìsàn nínú ẹ̀fọ́, èpìyà àti ẹ̀wà tí ìyá tirẹ̀ fi tọ́ ọ dàgbà, àfi bí ó bá jẹ́ pé ọtí ẹlẹ́rìndòdò tí lẹ́tà sọ pé ó kún inú fíríìjì ni oúnjẹ ẹni tó lera. Ìgò kan tó gba ìdajì lítà lè ní ju 50 gíráàmù ṣúgà lọ nínú, mọ́ọ́tì tí wọ́n ń gbé lọ kí aláìsàn àti ìyá ọlọ́mọ tuntun kò sì sàn jù ú lọ tó bẹ́ẹ̀. Ìjọba àpapọ̀ fi owó orí 10 náírà lé lítà kọ̀ọ̀kan irú ọtí bẹ́ẹ̀ ní 2022, ṣùgbọ́n náírà mẹ́wàá kò dá ẹnikẹ́ni dúró ní Òkòkòmáíkò, níbi tí wọ́n ti ń nà án mọ́ ìpékeré sí èrò láti ojú fèrèsé ọkọ̀ nígbàkúùgbà tí súnkẹẹrẹ-fàkẹẹrẹ bá mú títì Badagry. Ẹni tó ń fowó rà á wọlé ló lè pàṣẹ pé kí wọ́n má rà á mọ́, kì í ṣe ẹni tó ń jẹun nínú ilé ìdáná.

Ní ti ìrìn, ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lójoojúmọ́ fún ọjọ́ márùn-ún lọ́sẹ̀ ti tó, òpópónà inú Ẹ́síteètì Ìbà sì tó rìn, tàbí kí ìyá náà máa sọ̀ kalẹ̀ nínú kẹ̀kẹ́ Màrúwá kí ó tó dé ibi tí wọ́n ń lọ. Kí wọ́n wọ bàtà tó bo ẹsẹ̀, kí wọ́n má fẹsẹ̀ lásán wọ́ àgbàrá lásìkò òjò, kí wọ́n sì máa yẹ àtẹ́lẹsẹ̀ wọn wò lálaalẹ́, nítorí àtọ̀gbẹ a máa pa ìmọ̀lára ẹsẹ̀ débi pé egbò lè wà níbẹ̀ kí ẹni tó ni ín má mọ̀. Ẹni tó ń polówó àgbo nínú ọkọ̀ pé ó ń wo àtọ̀gbẹ sàn láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, kí wọ́n jẹ́ kó polówó rẹ̀ lọ.

Kì í ṣe pé kò sí ìrètí. Ìwádìí kan tó jáde ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 2017 fi hàn pé lára àwọn tí dókítà ràn lọ́wọ́ láti fọn gan-an nígbà tí àtọ̀gbẹ wọn kò tíì ju ọdún mẹ́fà lọ, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì tí ṣúgà wọn padà sí ipò tó yẹ lẹ́yìn ọdún kan láìlo oògùn. Èyí kò ní kí ẹnikẹ́ni da oògùn nù fúnra rẹ̀, ṣùgbọ́n láyé tí oògùn ti di ọ̀wọ́n gógó, tí náírà ti já wálẹ̀, tí ilé iṣẹ́ bíi GlaxoSmithKline sì kéde ní 2023 pé òun ń kógbá sílé ní Nàìjíríà, oògùn tí dókítà bá rí dín kù, owó ilé ni.

Kò sí ènìyàn burúkú kankan nínú ilé náà. Ọmọ tó so òwú mọ́ etí ìkòkò, ẹ̀rù ikú ìyá rẹ̀ ló ń bà á, kò sì sí ẹni tó kọ́ ọ ní nǹkan mìíràn tó lè ṣe. Ó ṣeé ṣe kí bàbá tó ń sọ̀rọ̀ líle pàápàá máa sá fún orúkọ àìsàn náà ni, bí ọ̀pọ̀ ọkùnrin ti máa ń ṣe. Kí àwọn méjèèjì bá ìyá lọ sí ilé ìwòsàn nígbà tí wọ́n bá tún pè wọ́n fún àyẹ̀wò HbA1c, èyí tó ń fi bí ṣúgà ṣe rí láàárín oṣù méjì sí mẹ́ta sẹ́yìn hàn, kí wọ́n sì gbọ́ ohun tí onímọ̀ oúnjẹ bá sọ pẹ̀lú etí ara wọn. Bí ilé ìwòsàn tó wà nítòsí kò bá ní irú onímọ̀ bẹ́ẹ̀, ọ̀nà LASU lọ tààrà sí ilé ìwòsàn ìjọba tó wà ní Ìgàndò. Kí bàbá má jẹun láàárọ̀ ọjọ́ náà, kí wọ́n lè yẹ ẹ̀jẹ̀ tirẹ̀ náà wò, nítorí ó ti lé ní àádọ́ta ọdún, ẹ̀kán ẹ̀jẹ̀ kan láti orí ìka ni wọ́n sì máa gbà.